Ìyá ẹlẹ́wà mi ní Bódìjà, àtàwọn yòókù tó ń kó ọjà fún mi: bí mo ṣe rí iṣẹ́ wọn

Ó ti pẹ́ tẹ́ ẹ ti ń bi mí pé ọwọ́ ta ni mo ti ń ra ẹ̀wà tí mo fi ń ṣe mọ́ínmọ́ín, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ ẹ́ níbi ìnáwó tẹ́ ẹ ní ó fúyẹ́ lẹ́nu, àwọn míì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ òwò oúnjẹ náà ń béèrè, torí náà mo ní kí n kúkú jókòó kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ìbàdàn ni mo wà, àkàrà àárọ̀ àti mọ́ínmọ́ín eléwé niṣẹ́ mi, mò ń gbé e lọ sáwọn ọ́fíìsì, mo tún ń gba iṣẹ́ òde. Ìyá kan tó ń ta ẹ̀wà lọ́jà Bódìjà ló ń kó ẹ̀wà fún mi, òun ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí jù, àmọ́ màá mẹ́nu ba oníewé mi, aláta mi, elépo, àti ilé iṣẹ́ kan tó ń ta ọjà oúnjẹ lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí mo bá dòwò pọ̀ fúngbà díẹ̀. Ìyá náà ò fẹ́ kí n gbé orúkọ tàbí nọ́ńbà òun síta, ó ní àwọn kọ́sítọ́mà tóun ní báyìí ti tó òun, mo sì bọ̀wọ̀ fún un. Ohun tó ń ṣe ni kẹ́ ẹ kà, kẹ́ ẹ fi wá tiyín.

Kí n ti sọ ọ́ pé òun kọ́ ló ń tà ní pọ́ọ́kú jù ní Bódìjà o. Tẹ́ ẹ bá wọ apá ibi táwọn ẹlẹ́wà wà, ẹ máa rí ẹni tó máa dín owó kù fún yín ju iye tóun máa dín lọ. Ohun tó mú kí n dúró tì í ni pé ẹnu ẹ̀ ṣe é gbà. Tí ẹ̀wà ò bá dáa á sọ fún mi pé kò dáa, tí ọjà bá fẹ́ wọ́n á pè mí kó tó wọ́n, tí kò bá sí á ní kò sí, kò ní máa sọ fún mi pé ó ti ń bọ̀ lọ́nà nígbà tí wọn ò tíì dì í sínú ọkọ̀. Ẹni tó bá ń ta oúnjẹ mọ bí èyí ṣe tó. Àwa tá à ń ṣe òwò kékeré ò ní ilé ìkẹ́rùsí, ẹ̀wà tá a bá rà lónìí la máa rẹ lálẹ́, òun náà la máa gbé lọ síbi ẹ̀rọ láàárọ̀ kùtù, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán àwọn tó ń lọ síbi iṣẹ́ ti dúró níwájú agbada. Tí ẹ̀wà bá já wa kulẹ̀ lọ́jọ́ náà kò sí èyí tá a fẹ́ fi rọ́pò ẹ̀, àwọn tó ń ra àkàrà ò sì mọ ẹlẹ́wà rí, àwa ni wọ́n mọ̀, wọ́n á kàn sọ pé àkàrà ìyá yẹn ò dáa mọ́ ni, ọ̀la wọ́n á gba ọ̀dọ̀ ẹlòmíì kọjá.

Ẹ̀wà funfun ni mo máa ń rà fún àkàrà, olóyin fún mọ́ínmọ́ín, tí olóyin bá gbówó lórí jù mo máa ń wo dúrọ́ọ̀mù. Nǹkan àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ràn nípa ìyá yìí ni pé ó máa ń sọ ọjọ́ orí ẹ̀wà fúnni. Ẹ̀wà tuntun máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé láti Òkè Ọya ní nǹkan bí oṣù kẹsàn-án, oṣù kẹwàá, á wá pọ̀ dáadáa títí ọdún á fi parí, tó bá di àárín òjò lọ́dún tó tẹ̀ lé e èyí tó wà nílẹ̀ ti ń gbó, ó sì ti ń wọ́n. Ẹ̀wà tó ti pẹ́ nínú àpò, èèpo ẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ọn lára, ẹ máa rẹ ẹ́, ẹ máa bó o, ọwọ́ á máa dùn yín, tẹ́ ẹ bá lọ̀ ọ́ tán á wúwo, ẹ lù ú lù ú kò ní wú, tẹ́ ẹ bá dà á sínú òróró á kọ́kọ́ lọ sísàlẹ̀ ná, á mu òróró, tó bá sì tutù á le. Kò sóhun tí àlùbọ́sà tàbí ata lè ṣe sí i. Ẹ̀wà kan náà yẹn tẹ́ ẹ bá gbé e kaná tẹ́ ẹ fún un lásìkò, tẹ́ ẹ dín ata lé e lórí, èèyàn á jẹ ẹ́ kò sì ní ráhùn. Torí náà nígbà tí ìyá yìí bá sọ fún mi pé "èyí ti pẹ́ nílé o, ọmọ mi, má fi ṣe àkàrà, alásè ẹ̀wà ni mò ń tà á fún", àdánù owó ló gbà mí lọ́wọ́ ẹ̀ yẹn. Ó lè tà á fún mi kó dákẹ́, mi ò ní mọ̀ títí dìgbà tí mo bá dé ìdí ẹ̀rọ.

Èyí tó burú jù lọ́jà yẹn ni kí wọ́n da àtijọ́ pọ̀ mọ́ tuntun. Ojú lásán ò lè tètè mọ̀ ọ́n. Ẹ máa rẹ ẹ́, èyí tó jẹ́ tuntun á ti wú á ti bó, àtijọ́ á ṣì le koránkorán, tẹ́ ẹ bá ní kẹ́ ẹ dúró dè é tuntun á bẹ̀rẹ̀ sí í rùn, tẹ́ ẹ bá sì lọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀ ẹ máa bá kóro nínú ẹ̀, ẹ ó tún dá a padà sẹ́nu ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kejì, owó ẹ̀rọ di méjì. Àwọn tó ń ṣe é máa ń da èyí tó dáa sókè àpò. Ìyá yìí, kẹ́ ẹ tó sọ̀rọ̀ rárá, á ti tú ẹnu àpò, á ti ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀, á bu ẹ̀kúnwọ́ jáde sórí atẹ fún yín kẹ́ ẹ wò ó. Mo máa ń bu díẹ̀ sẹ́nu kí n gé e wò, tó bá fọ́ pá bíi òkúta mo mọ̀ pé ó ti pẹ́. Kì í bínú sí i, òun gan-an ló kọ́ mi.

Ẹ jẹ́ n dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ oògùn kòkòrò torí ó dùn mí gan-an. Gbogbo wa la mọ̀ pé àwọn kan máa ń da Sniper sí ẹ̀wà kí kòkòrò má bàa jẹ ẹ́. Dichlorvos ló wà nínú ẹ̀, oògùn apakòkòrò tí kò yẹ kó dé ibi oúnjẹ rárá. NAFDAC ti fòfin de títa àwọn ìgò kéékèèké ẹ̀, láti 100 ml wálẹ̀, lọ́jà àti ní súpámákẹ́ẹ̀tì láti ọdún 2019, àmọ́ ẹ ṣì máa rí ẹni tó ń fi í pamọ́ lò. Kò ní ṣe ẹlẹ́wà tó dà á sí i ní nǹkan, ọmọ iléèwé tó ra àkàrà pẹ̀lú búrẹ́dì láàárọ̀ ló máa jẹ ẹ́. Torí dichlorvos yìí náà ni àwọn orílẹ̀-èdè Ẹgbẹ́ Yúróòpù fi ní àwọn ò gba ẹ̀wà gbígbẹ Nàìjíríà wọlé mọ́ látọdún 2015, a sì ń jẹ ẹ́ nílé wa níbí.

Ìyá ẹlẹ́wà mi ò da nǹkan kan sí i. Àpò onípele mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní PICS ló ń lò fún èyí tó bá fẹ́ tọ́jú pẹ́, ọ̀rá méjì ló wà nínú, àpò tí wọ́n hun ló wà lóde. Wọ́n á da ẹ̀wà tó ti gbẹ dáadáa sínú ọ̀rá àkọ́kọ́, wọ́n á tẹ afẹ́fẹ́ jáde, wọ́n á so ó pinpin, wọ́n á so ìkejì náà lọ́tọ̀, kí wọ́n tó so ti òde. Kòkòrò tó bá wà níbẹ̀ á mí afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ tán, kò ní lè jẹun mọ́, kò ní lè pọ̀ sí i, á kú síbẹ̀. Kamẹrúùnù ni àwọn onímọ̀ Yunifásítì Purdue ti Amẹ́ríkà ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ẹ̀ láwọn ọdún 1980, ẹ̀wà gan-an ni wọ́n sì fi bẹ̀rẹ̀. Àpò yìí wọ́n ju àpò lásán lọ, ìyá náà máa ń fi díẹ̀ lé owó ẹ̀wà tó bá jáde nínú ẹ̀, mo sì máa ń san án tayọ̀tayọ̀. Mo ti wà níbẹ̀ nígbà tó ń tú u, ẹ̀wà tó ti wà níbẹ̀ láti ìgbà ìkórè, kò ní ihò, kò ní òórùn, ó ń dán. Ẹ̀yin náà lè rà á kẹ́ ẹ máa fi tọ́jú tiyín nílé tẹ́ ẹ bá lágbára àtira àpò kan lásìkò tó pọ̀, kẹ́ ẹ ṣáà ti rí i pé ẹ ò máa tú u lójoojúmọ́, torí tẹ́ ẹ bá ti ń tú u afẹ́fẹ́ ń wọlé, iṣẹ́ ẹ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn.

Ti kóńgò ńkọ́? Gbogbo ẹni tó bá ń ná Bódìjà ló mọ̀ pé kóńgò ju kóńgò lọ. Wọ́n á lu ìdí ẹ̀ wọnú kó lè máa gba díẹ̀, ẹlòmíì á fi àtàǹpàkò há inú ẹ̀ bó ṣe ń wọ̀n. Tí ẹnì kan bá ń ra kóńgò kan fún ìdílé ẹ̀, ó lè má ṣe é ní nǹkan, àmọ́ ẹni tó bá ń ra ọ̀pọ̀ lọ́sẹ̀, tó ti ṣírò iye mọ́ínmọ́ín tó máa jáde nínú ẹ̀ tó sì ti gba owó oníǹkan, ẹ̀kúnwọ́ tó bá dín nínú kóńgò kọ̀ọ̀kan máa kóra jọ. Mo ti wọn ẹ̀wà ìyá yìí lórí síkẹ́ẹ̀lì mi nílé láìsọ fún un, kò dín. Tó bá wọ̀n ọ́n tán á tún fọwọ́ bu ènì lé e, kì í sì í fi ènì dí ojú èèyàn bíi tàwọn tó máa wọ̀n ọ́n dín kí wọ́n tó wá máa bu ènì pẹ̀lú ariwo. Tẹ́ ẹ bá ń ra odindi àpò, ẹ ṣáà ní kí wọ́n gbé e sórí òṣùwọ̀n, ẹ má gba "àpò ọgọ́rùn-ún kílò ni" lẹ́nu ẹnikẹ́ni.

Ibi tí mo ti wá mọ̀ pé ẹni tó ṣe é gbára lé ni ìyá yìí ni ìgbà tí nǹkan bá dojú rú. Ẹ̀wà tá à ń jẹ ní Ìbàdàn, ọ̀nà jíjìn ló ti ń wá, Bọ̀nọ́, Kánò, Kàdúná, ìpínlẹ̀ Náíjà àti gbogbo ibẹ̀ yẹn, ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà, ìwájú agbada wa ló ń já sí. Ẹ rántí oṣù kejì ọdún 2021, lẹ́yìn rògbòdìyàn ọjà Ṣáṣá ní Ìbàdàn níbí, níbi tí Yorùbá àti Haúsá ti kọlu ara wọn, tí àwọn oníṣòwò oúnjẹ àti màlúù Òkè Ọya ní àwọn ò ní kó ọjà wá síhà gúúsù mọ́, tí ọkọ̀ dúró títí wọ oṣù kẹta. Kí ọ̀rọ̀ náà tó délé délé ìyá yìí ti pè mí, ó ní "ọ̀rọ̀ yìí máa le o, wá kó èyí tó o máa lò, iye àná ni màá tà á fún ẹ". Ó ti pín èyí tó wà nílẹ̀ fún àwa kọ́sítọ́mà tó ń fi ṣòwò, kò sì jẹ́ kí ẹnì kan kó gbogbo ẹ̀. Ó lè tì í mọ́lé kó dúró de owó ńlá, àwọn tó ṣe bẹ́ẹ̀ pọ̀ lọ́jà lọ́jọ́ náà.

Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe nígbà omíyalé Mókwá ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2025. Àjálù ńlá ni, omi pa èèyàn tó lé ní 150, ó wó ilé, ó gbé ọ̀nà àti afárá lọ, kí Ọlọ́run tu àwọn tó ṣẹ́ kù nínú. Mókwá yìí, ní ìpínlẹ̀ Náíjà, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ oníṣòwò láti ọ̀dọ̀ wa ti máa ń pàdé àwọn àgbẹ̀ Òkè Ọya láti ra ẹ̀wà àti àlùbọ́sà, ojú ọ̀nà tí tírélà ń gbà bọ̀ ni. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ta àkàrà níbí ò mọ̀ pé omi tó ya ní Mókwá kàn wọ́n. Ìyá ẹlẹ́wà mi pè, ó ní ọjà tóun ń retí máa pẹ́, kò dá ọjọ́ fún mi, ó kàn ní kí n má gba iṣẹ́ òde ńlá lọ́sẹ̀ náà àyàfi tí mo bá ní ẹ̀wà nílẹ̀. Mo sọ fún oníǹkan tó fẹ́ gbé iṣẹ́ fún mi pé màá ṣe ìdajì mọ́ínmọ́ín, kí wọ́n wá nǹkan míì kún un, wọ́n gbà, wọ́n sì dúpẹ́ pé mo sọ ọ́ lásìkò. Ìpè fóònù kan ṣoṣo ni, àmọ́ tí kò bá pè, lọ́jọ́ ìnáwó ni ọ̀rọ̀ náà ì bá yé gbogbo wa.

Ní ti owó, ó máa ń tà fún mi láwìn, ṣùgbọ́n ó ní bó ṣe ń ṣe é. Ìdajì lójú ẹsẹ̀, ìdajì kí n tó wá kó òmíràn. Kò sí ìwé àdéhùn kankan, ó kàn ní ìwé kékeré kan tó ń kọ ọ́ sí, èmi náà ní tèmi, a jọ máa ń wò ó. Mi ò jẹ́ kó pè mí nítorí owó rí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ẹ ń fẹ́ kí ẹni tó ń kó ọjà fún yín ṣe dáadáa sí yín, ẹ san owó wọn. Ìyá yìí náà ń jẹ ẹni tó kó o wá láti Òkè Ọya lówó, tẹ́ ẹ bá há owó ẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹlòmíì ló máa pè nígbà tí ọjà bá wọ́n, ẹni da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.

Ó ní àwọn ibi tí kò tíì tẹ́ mi lọ́rùn o. Kì í gbé ọjà wá sílé. Èèyàn gbọ́dọ̀ lọ fúnra ẹ̀ tàbí kó rán ẹni tó mọ̀, kẹ́ ẹ wá wá alábàárù tó máa ru ú jáde títí dé ibi tí kẹ̀kẹ́ tàbí mọ́tò wà, kẹ́ ẹ san owó tiẹ̀, kẹ́ ẹ san ti ọkọ̀. Látìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, owó ọkọ̀ láti Bódìjà délé ti di nǹkan tó yẹ kẹ́ ẹ máa ṣírò mọ́ owó ẹ̀wà gan-an, owó ẹlẹ́rọ náà sì ti gòkè, torí epo ló ń fi ẹ̀rọ ṣiṣẹ́. Tí òjò bá rọ̀, ilẹ̀ ọjà yẹn kì í ṣe é rìn, ẹrẹ̀ á dé ọrùn ẹsẹ̀, mo ti sọ fún un pé kó wá ọmọkùnrin kan tó ní mọ́tò kó máa gbé e fún àwa mélòó kan ká jọ dáwó, ó ń sọ pé òun máa rò ó, kò tíì rò ó tán títí di báyìí. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tí wọ́n bá lọ kírun, ìsọ̀ wà ní títì, ẹ lè dúró dúró. Tẹ́ ẹ bá sì san owó nípa tíránsífà, àyàfi kó rí alẹ́ẹ̀tì lórí fóònù ẹ̀ kó tó jẹ́ kẹ́ ẹ gbé ọjà, nẹ́tíwọọ̀kì báńkì sì lè má dá yín lóhùn lọ́jọ́ náà, mi ò dá a lẹ́bi, wọ́n ti fi alẹ́ẹ̀tì èké lu ọ̀pọ̀ wọn ní jìbìtì lọ́jà, ẹ kàn mú owó bébà dání.

Torí ọ̀rọ̀ gbígbé ọjà wálé yìí ni mo ṣe gbìyànjú ilé iṣẹ́ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mi ò ní dárúkọ wọn. Wọ́n ní àwọn ń bá àwọn tó ń ta oúnjẹ ra ọjà lọ́pọ̀, àwọn ń gbé e dé ẹnu ọ̀nà, owó ẹ̀ sì dín. Ní ìbẹ̀rẹ̀ mo dúpẹ́ gan-an, ẹ̀wà mọ́, àpò ní nọ́ńbà lára, wọ́n dé lásìkò tí wọ́n dá. Nígbà tó yá wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pààrọ̀ ọjà láìsọ, mo ra olóyin wọ́n gbé nǹkan míì tó jọ ọ́ wá, mo fi fọ́tò ránṣẹ́ sórí WhatsApp wọn, wọ́n dáhùn pé "ẹ má bínú, a ń ṣe é", wọn ò ṣe é. Èyí tó mú mi kúrò níbẹ̀ ni ìgbà tí wọ́n ní ọjà ti wà lọ́nà láti àárọ̀, mo ń pè, ẹni tó ń gbé fóònù kì í ṣe ẹni kan náà, olúkúlùkù wọn ń sọ pé kò ní pẹ́, ilẹ̀ ṣú, ẹ̀wà ò dé, àwọn ọ́fíìsì tó ti sanwó fún mọ́ínmọ́ín ọ̀la ń retí mi. Ìyá Bódìjà ni mo pè lálẹ́ ọjọ́ náà, ó ti délé, ó ní kí n wá sílé òun, ó yọ díẹ̀ nínú èyí tó fẹ́ fi jẹun fúnra ẹ̀, mo fi kún èyí tó wà lọ́wọ́ mi. Ilé iṣẹ́ náà dá owó mi padà nígbà tó yá, mi ò ní sọ pé wọn ò dá a padà, ṣùgbọ́n owó tí wọ́n dá padà ò lè di mọ́ínmọ́ín láàárọ̀. Mi ò sọ pé kẹ́ ẹ má lo irú wọn. Tẹ́ ẹ bá ń ra ìrẹsì àpò tàbí ṣúgà tàbí fúláwà, nǹkan tó ní orúkọ ilé iṣẹ́ lára tó sì lè dúró nílẹ̀, ẹ lè lò wọ́n. Ọjà tó jẹ́ pé ojú àti ọwọ́ lèèyàn fi ń yàn án, tó sì ń yí padà láti oṣù dé oṣù, ẹ jẹ́ kí èèyàn tẹ́ ẹ mọ ojú ẹ̀ máa bá yín yàn án.

Oníewé mi ńkọ́? Ewé eéran ni mò ń lò, mi ò ń lo ọ̀rá, mi ò sì ní lò ó láé, òórùn tí ewé máa ń gbé wọnú mọ́ínmọ́ín kò sí nínú ọ̀rá, ọ̀rá inú omi gbígbóná yẹn náà ò sì tẹ́ mi lọ́rùn. Igbó ni ewé yìí ti ń wá, wọ́n máa ń dì í ní ìdì ìdì wá láti apá Oǹdó àti àwọn ibi tí igbó ṣì wà. Nígbà òjò iṣẹ́ oníewé mi dáa, ewé á fẹ̀, á rọ̀, á mọ́. Tó bá di ẹ̀ẹ̀rùn, wàhálà dé. Ewé á kéré, etí ẹ̀ á ti gbẹ, tẹ́ ẹ bá ká a á ya, ẹ máa fi méjì mẹ́ta dì mọ́ínmọ́ín kan kó má bàa jò, owó ìdì kan á sì ti lọ sókè. Mi ò lè bá oníewé jà torí ẹ̀ẹ̀rùn. Ohun tí mo ń bá a sọ ni pé ó máa ń to èyí tó ya sáàárín ìdì kó fi èyí tó dáa bo òkè àti ìsàlẹ̀, mo ti sọ ọ́ sọ ọ́, á yí padà fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ra ewé, ẹ tú ìdì lójú ẹ̀, kó máa bínú.

Aláta mi dáa, mi ò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó máa ń ṣa tàtàṣé àti rodo fún mi, kì í da èyí tó ti rọ̀ mọ́ èyí tó le. Ó ṣì máa ń wọ́n lójijì bíi ti gbogbo èèyàn, kò sóhun tóun lè ṣe sí i. Tí tòmátò àti tàtàṣé bá ti ń wọ́n, mọ́ínmọ́ín ṣì lè dúró lórí rodo àti àlùbọ́sà, àwọn tó ń se ọbẹ̀ ni mo ń káàánú jù.

Elépo ni kẹ́ ẹ fojú sí lára. NAFDAC ti kìlọ̀ títí nípa aró Sudan IV táwọn kan ń pò mọ́ epo pupa kó lè pọ́n, aró tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ ilé iṣẹ́ ni, kò sí fún jíjẹ, wọ́n ní ó lè fa àrùn jẹjẹrẹ. Mi ò ní bí mo ṣe lè yẹ̀ ẹ́ wò nílé, torí náà mi ò ra epo lọ́wọ́ ẹni tí mi ò mọ ibi tó ti ń gbé e wá. Èyí tí mò ń lò báyìí, ebu tí wọ́n ti ń fọ epo ni ẹni tó ń tà á fún mi ti ń kó o tààrà, mo ti bá a dé ibẹ̀, mo rí i bí wọ́n ṣe ń sè é. Ó wọ́n ju ti ọjà lọ, kì í sì í sí nígbà gbogbo, àmọ́ ọkàn mi balẹ̀ lórí ẹ̀.

Ẹnì kan bi mí pé ṣé kò léwu kéèyàn gbára lé ẹlẹ́wà kan ṣoṣo. Ó léwu. Ìyá yìí ti dàgbà, ó lè ṣàìsàn, ó lè rìnrìn àjò. Mo ní ẹlòmíì kan ní ọjà Ọjọ́ọ̀ tí mo máa ń ra díẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kó má bàa gbàgbé ojú mi, mo sì sọ fún ìyá ẹlẹ́wà mi, kò bínú, ó ní òun náà ò lè ra gbogbo ẹ̀wà òun lọ́wọ́ awakọ̀ kan. Ohun tí mi ò lè ṣe ni kí n máa gbé iye tẹ́ni yẹn pè lọ bá a kí n fi máa há a mọ́ ògiri. Mo máa ń ná ọjà, a máa ń ná an dáadáa, tó bá ti sọ pé "ibi tó mọ nìyẹn", ibi tó mọ nìyẹn.

Nínú máàkì 10, mo fún ìyá ẹlẹ́wà mi ní 9, ọ̀kan tó kù wà lórí gbígbé ọjà wálé, tó bá ti wá ọmọkùnrin onímọ́tò yẹn màá fún un. Aláta gba 7. Elépo gba 8 torí ìgbà tí kì í sí. Oníewé gba 7 nígbà òjò, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ó gba 4, ilé iṣẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì gba 3.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ wá tiyín ní Bódìjà, àárọ̀ ni kẹ́ ẹ lọ, kì í ṣe ọ̀sán Jímọ̀, ẹ mú síkẹ́ẹ̀lì kékeré dání, ẹ má jẹ́ kó tì yín lójú. Ẹ kọ́kọ́ ra díẹ̀díẹ̀ lọ́wọ́ bí ẹni mélòó kan, ẹ rẹ ẹ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ padà lọ sọ bó ṣe rí fún olúkúlùkù wọn, ẹ wo ẹni tó máa dáhùn dáadáa nígbà tẹ́ ẹ bá sọ pé ẹ̀wà ẹ̀ ò wú. Tẹ́nì kan nínú yín bá sì mọ oníewé tí ìdì ẹ̀ dáa láti òkè dé ìsàlẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ní Ìbàdàn níbí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ n mọ̀, mo ṣì ń wá a.